Ta ni kí òfin mú nítorí káàdì abẹ́rẹ́ ọmọ: ìyá tí ó tọ́jú rẹ̀, tàbí ẹni tí ó kọ ọ́?

Ìbéèrè láti Iléṣà

Ẹ̀yin àgbà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí. Ilé-Ifẹ̀ ni mo bí ọmọbìnrin mi sí kí a tó kó wá sí Iléṣà, ó sì pé oṣù mẹ́tàdínlógún ní Sẹ̀tẹ́ńbà yìí. Mo fẹ́ fi í sí ilé ìtọ́jú ọmọdé kí n lè padà sẹ́nu iṣẹ́, wọ́n sì ní kí n mú káàdì abẹ́rẹ́ rẹ̀ wá. Nígbà tí mo yọ ọ́ jáde, mo rí i pé àyè abẹ́rẹ́ ọ̀sẹ̀ kẹrìnlá ṣófo, bẹ́ẹ̀ ó dá mi lójú pé a gbà á, nítorí itan ọmọ náà wú fún ọjọ́ méjì. Ọjọ́ tí wọ́n kọ sí abẹ́rẹ́ èèyi tún ṣáájú ọjọ́ tí mo bí i. Nọ́ọ̀sì tí mo bá níbí ní kí a tún gbogbo rẹ̀ gbà láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọkọ mi ní wọn kò ní tún gún ọmọ òun lásán. Kí ni kí n ṣe? Ibo sì ni ìjọba wà, tí irú èyí fi ń ṣẹlẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò jìyà rẹ̀?

* * *

Ìyá ọmọ, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bẹ̀rẹ̀ abẹ́rẹ́ ọmọ yín láti ìbẹ̀rẹ̀. N kì í ṣe dókítà. Yàrá àkọsílẹ̀ ni mo ti ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn alábọ́dé fún ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n kí n tó fẹ̀yìn tì. Ṣùgbọ́n ìlànà yìí kò ṣòro: ibi tí abẹ́rẹ́ bá dúró sí ni a ti ń bá a lọ. Ọmọ tí ó bá ti gba méjì nínú mẹ́ta, ẹ̀kẹta ni ó kù fún un, ìbáà ti tó ọdún kan tí ó ti gba èkejì. Ohun tí a kò gbọdọ̀ ṣe ni kí a gún un ní èyí tí ó tẹ̀lé e kí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tó pé. Ẹ wo òkè apá òsì ọmọ náà: bí àpá kékeré bá wà níbẹ̀, BCG tí ó ń dènà ikọ́ ẹ̀gbẹ ti wọlé, kò sì sí ìdí láti tún un gún, ohun yòówù tí ìwé ìbáà wí.

Ní ti abẹ́rẹ́ èèyi tí ó ṣáájú ọjọ́ ìbí, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo rò pé ó ṣẹlẹ̀. Bí ọmọ bá pé oṣù mẹ́tàdínlógún ní Sẹ̀tẹ́ńbà, a jẹ́ pé Épírì ni ẹ bí i, oṣù mẹ́sàn-án tí ó yẹ kí ó gba èèyi sì bọ́ sí Jánúárì. Ọwọ́ tí ó ti fi odidi ọdún kan kọ nọ́ńbà kan náà kì í tètè gbàgbé rẹ̀. Jánúárì ọdún tuntun ni wọ́n gún un, nọ́ńbà ọdún àná ni báírò kọ, ni abẹ́rẹ́ bá di èyí tí ọmọ gbà kí ó tó dé ayé. Kò sí Jánúárì kan tí mo fi ṣiṣẹ́ tí n kò rí irú rẹ̀.

Ti ọ̀sẹ̀ kẹrìnlá, ẹ padà sí ibi tí ẹ ti gbà á ní Ilé-Ifẹ̀, kí wọ́n ṣí ìwé àkọsílẹ̀ ńlá fún yín. Ìlà kan ṣoṣo ni ọmọ kan ní nínú ìwé yẹn, láti BCG títí dé èèyi. Bí wọ́n bá rí i, ọjọ́ tí ó wà nínú ìwé náà ni kí wọ́n kọ sórí káàdì, kí wọ́n má kọ ọjọ́ tí ẹ wá béèrè. Bí wọn kò bá rí i, kí ọmọ gba ti ọ̀sẹ̀ kẹrìnlá náà nìkan. Itan tí ó wú kì í ṣe ẹ̀rí, nítorí itan ọ̀sẹ̀ kẹwàá náà a máa wú. Ẹ sì rántí pé oṣù kẹẹ̀ẹ́dógún ni èèyi kejì. Ó ti kọjá àkókò. Ẹ má jẹ́ kí ìjà káàdì gbàgbé èyí mọ́ yín lọ́wọ́.

* * *

Láàárín ọjọ́ mẹ́ta, èsì tí ó wá sórí apá kejì ìbéèrè náà pọ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ọ̀pọ̀ nínú yín ni ó ní ìyá ni kí ìjọba mú: kí ìyá tí káàdì bá sọnù tàbí tí ó bá bàjẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ san owó ìtanràn, nítorí ẹni tí ó lè tọ́jú rìsíìtì aṣọ ẹgbẹ́ kò yẹ kí ó so káàdì ọmọ nù. Àwọn kan ní nọ́ọ̀sì ni kí wọ́n mú. Àwọn díẹ̀ ní àdúrà ni ọ̀rọ̀ wa gbà. N kò ní èsì fún wọn.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ kí òfin mú ìyá, òfin ti wà kí ẹ tó sọ̀rọ̀. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ọdún 2003, ní apá kẹtàlá rẹ̀, sọ ọ́ di dandan fún òbí tàbí alágbàtọ́ ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì pé kí ó rí i pé ọmọ náà gba àjẹsára ní kíkún. Ẹni tí ó bá kùnà yóò san ìtanràn tí kò ju 5,000 náírà lọ ní ìgbà àkọ́kọ́. Bí ó bá tún kùnà, ó lè fi ẹ̀wọ̀n jura, ẹ̀wọ̀n tí kò ju oṣù kan lọ. Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun náà ti sọ òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé di tirẹ̀. Ní gbogbo ọdún tí mo fi jókòó sídìí ìwé, n kò rí ìyá kan tí wọ́n gbé lọ sí kóòtù nítorí apá yìí, n kò sì gbàdúrà kí n rí i. Kí ni adájọ́ ìbá fi mọ̀ pé ọmọ kò gba àjẹsára? Káàdì kan náà tí a ń jà lé lórí yìí ni. Ìyá lè ti gbé ọmọ wá nígbà márùn-ún, nínú òjò, pẹ̀lú owó ọ̀kadà, kí ó sì jẹ̀bi lójú ìwé nítorí pé ẹnìkan fo àyè kan. Apá kẹtàlá náà gbá ìyá mú, kò sì béèrè ohun kan lọ́wọ́ ẹni tí ó di báírò mú. Bí a bá wá tún ìtanràn ìyá ṣe kí ó le sí i, a fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, a ń pa làpálàpá.

* * *

Ẹnìkan fèsì sí mi pé ìyá kò ṣeé fi ọkàn tán pẹ̀lú ìwé, pé kí ilé ìwòsàn gba gbogbo káàdì padà kí ó máa tọ́jú wọn. Ó ní ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni òun. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà kò yẹ kí ó sọ bẹ́ẹ̀, nítorí ilẹ̀ wa gan-an ni wọ́n ti dán èyí wò.

Ní 1956, dókítà ọmọdé kan tí ó jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, David Morley, wá ṣiṣẹ́ ní Wesley Guild Hospital, ní Iléṣà níbí. Ìmẹ̀sí-Ilé ni ó ti ṣe iṣẹ́ tí ayé fi mọ̀ ọ́n. Wọ́n ń tẹ̀lé àwọn ọmọ ìlú náà láti ìgbà ìbí, wọ́n sì dá ilé ìtọ́jú kan sílẹ̀ fún àwọn tí kò tíì pé ọdún márùn-ún. Nínú iṣẹ́ yẹn ni káàdì tí ó ń fi bí ọmọ ṣe ń dàgbà hàn ti jáde, èyí tí àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn wá ń pè ní Road to Health. Ọwọ́ ìyá ni wọ́n kó o lé. Púpọ̀ nínú àwọn ìyá Ìmẹ̀sí-Ilé ìgbà náà kò mọ̀wé, wọ́n sì tọ́jú rẹ̀. Ìbẹ̀ náà ni wọ́n ti wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ dán abẹ́rẹ́ èèyi wò ní Áfíríkà, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, nígbà tí èèyi ń pa ọmọ ní ìpakúpa.

Ìyá tèmi tọ́jú káàdì àbúrò mi sáàárín aṣọ òkè méjì nínú àpótí, ó sì wà níbẹ̀ títí àbúrò mi fi ṣe ìgbéyàwó. Ní ibi tí mo ti ṣiṣẹ́ ńkọ́? Ìkán jẹ ìwé àkọsílẹ̀ ọdún mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹnikẹ́ni kò san ìtanràn.

Òótọ́ kan wà nínú ọ̀rọ̀ ẹni tí ó fèsì náà: káàdì ìsinsìnyí tinrin, òógùn ẹ̀yìn ìyá nìkan tó láti yọ ọ́. Nígbà mìíràn káàdì a tilẹ̀ tán, a óò wá máa kọ abẹ́rẹ́ ọmọ sínú ìwé ogójì ewé tí ìyá rà lẹ́nu ọ̀nà. Ìyá kọ́ ni ó yẹ kí a bi léèrè ìyẹn.

* * *

Ọ̀gá ilé-ìwé aládàáni kan ní Ilé-Ifẹ̀ ní òun kò gbà. Ó ní láti ọdún méjì sẹ́yìn ni ilé-ìwé òun kì í ti í gba ọmọ tí kò bá mú káàdì wá, àti pé ní ọdún àkọ́kọ́ ìdajì ni kò rí i mú wá, ṣùgbọ́n nísinsìnyí gbogbo wọn ni ó ń mú un wá. Ó ní èyí fi hàn pé bí a bá fi dandan lé e, yóò ṣeé ṣe.

Mà, wọ́n ń mú káàdì wá. Ṣé abẹ́rẹ́ ni wọ́n gbà? Ẹ yọ káàdì mẹ́wàá nínú fáìlì yín, kí ẹ tẹ́ wọn sórí tábìlì. Káàdì tòótọ́ máa ń rí jákujàku: báírò búlúù lónìí, dúdú lóṣù tó ń bọ̀, ọwọ́ ìkọ̀wé ẹni mẹ́ta, àbàwọ́n epo, etí tí ọmọ ti jẹ. Èyí tí wọ́n kọ láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún máa ń mọ́ tónítóní, báírò kan, ọwọ́ kan, àwọn ọjọ́ inú rẹ̀ a sì máa bọ́ sí Sọ́ńdè nígbà mìíràn. Mo fẹ́ kí ẹ rántí àkókò COVID-19, nígbà tí àwọn kan ń ra káàdì tí wọn kò sì na apá. Bí ẹ bá ti ilẹ̀kùn mọ́ ìwé, ìwé ni ẹ óò rí gbà.

Ẹlòmíràn fèsì pé ní Amẹ́ríkà, ọmọ kò lè wọ ilé-ìwé láìní ẹ̀rí àjẹsára. Bẹ́ẹ̀ ni, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òfin wọn yọ àwọn kan sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ẹni tí òfin wọn di ẹrù ìwé lé lórí. Òfin kan tí wọ́n ṣe ní 1986 sọ ọ́ di dandan fún ẹni tí ó bá gún ọmọ ní abẹ́rẹ́ pé kí ó kọ ọjọ́ tí ó gún un, iléeṣẹ́ tí ó ṣe oògùn náà àti nọ́ńbà ìpele rẹ̀, àti orúkọ, ipò òun àdírẹ́sì ẹni tí ó gún un. Ní Australia, 1996 ni wọ́n ti dá ìwé àkọsílẹ̀ àjẹsára àwọn ọmọdé sílẹ̀ fún gbogbo orílẹ̀-èdè wọn. Láti 2021, dandan ni kí olùtọ́jú tí ó bá fún ènìyàn ní abẹ́rẹ́ tí ó wà nínú ètò ìjọba fi ránṣẹ́ sínú ìwé náà. Àwọn náà ń fi ọwọ́ líle mú òbí, n kò jiyàn, ṣùgbọ́n ìwé tí wọ́n fi ń mú un ní ẹni tí yóò dáhùn fún un.

Ẹ gba ọmọ wọlé, mà. Ẹ fún òbí ní oṣù kan, kí ẹ kọ orúkọ àwọn tí káàdì wọn kò pé, kí ẹ sì pe ilé ìwòsàn tí ó súnmọ́ yín láti wá ṣe é fún wọn nínú ọgbà ilé-ìwé. Ọmọ tí ẹ bá lé padà sílé kò ní abẹ́rẹ́ kan kún ti àná.

* * *

Mo ti ń retí kí nọ́ọ̀sì kan sọ̀rọ̀, ọ̀kan sì ti sọ ọ́ lánàá, pẹ̀lú ìbínú: “Àwa méjì péré ni a máa ń wà ní ọjọ́ abẹ́rẹ́, ọmọ a sì tó ọgọ́rin. Ìwé mẹ́ta ni mo gbọ́dọ̀ kọ fún ọmọ kan. Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ̀rọ̀ òfin, ẹ wá bá wa di báírò mú.”

Nínú gbogbo ohun tí a ti kọ síbí, èyí ni ó súnmọ́ òtítọ́ jù lọ, ẹ jẹ́ kí n fi gùn lé e díẹ̀.

Àkọ́kọ́, kí ni ó dé tí ọgọ́rin ọmọ fi ń pé jọ lọ́jọ́ kan? Ìgò BCG kan gba ogún ọmọ, ti èèyi gba mẹ́wàá. Bí wọ́n bá ti po wọ́n pọ̀ mọ́ omi wọn, wákàtí mẹ́fà ni, lẹ́yìn náà dídànù ni. Nọ́ọ̀sì tí ó bá ṣí ìgò BCG fún ọmọ méjì yóò da ti ọmọ méjìdínlógún nù, wọn yóò sì bi í léèrè. Nítorí náà ni ó ṣe ń sọ fún ìyá pé kí ó padà wá ní Ọjọ́bọ̀, kí ọmọ lè pọ̀. Ogunlọ́gọ̀ Ọjọ́bọ̀ yẹn ni ìyá wa ti ń kó àṣìṣe relé: káàdì ọmọ méjì a máa gba ara wọn kọjá, nọ́ọ̀sì a sọ pé òun yóò kọ ọ́ sínú ìwé ńlá bí ènìyàn bá ti dínkù, agogo méjì a lù, ó ti rẹ̀ ẹ́, a sì kọ ọ́ láti orí. Orí ènìyàn kì í ṣe ìwé.

Èkejì ni orúkọ, ọ̀rọ̀ yìí sì jẹ́ tiwa pátápátá. BCG, ẹ̀kán rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ àkọ́kọ́ àti abẹ́rẹ́ tí ó ń dènà àrùn mẹ́dọ̀wú B, ìgbà ìbí ni wọ́n wà fún. Ti mẹ́dọ̀wú yìí tilẹ̀ yẹ kí ó wọlé láàárín wákàtí mẹ́rìnlélógún. Ọjọ́ kẹjọ ni àwa ń sọmọ lórúkọ. Kí ni a óò kọ sínú ìwé? “Ọmọ Ìyá Bọ́sẹ̀.” Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, ìyá dé pẹ̀lú orúkọ tí òun sọ ọ́. Ní ọ̀sẹ̀ kẹwàá, ìyá-ìyá ni ó gbé e wá, kò mọ̀ ju Àbẹ̀kẹ́ lọ. Ní oṣù kẹsàn-án, bàbá tẹ̀lé wọn wá, ó sì pe orúkọ tí ìdílé rẹ̀ sọ ọ́. Ìlà mẹ́rin, ọmọ kan. Nígbà tí a bá wá ka ìwé náà, a óò rí ọmọ mẹ́rin tí kò parí abẹ́rẹ́ wọn, wọn yóò sì rán òṣìṣẹ́ lọ sí àdúgbò láti wá mẹ́ta tí kò sí láyé. Mo ti rìn irú ìrìn bẹ́ẹ̀ dé abà lẹ́yìn Ifẹ̀tẹ̀dó, nínú oko kòkó, tí ìyá kan náà sì jáde sí mi lẹ́ẹ̀mejì.

Oògùn èyí kò ná ìjọba ní nǹkan: kí nọ́ńbà ìlà ọmọ nínú ìwé ńlá wà ní orí káàdì rẹ̀, lókè, gàdàgbà, kí ẹni tí ó bá fẹ́ wá ọmọ béèrè nọ́ńbà kí ó tó béèrè orúkọ.

Ẹ̀kẹta kò rọrùn fún mi láti sọ. Ní oṣù kan, ìròyìn wa sọ pé ọmọ 131 ni ó gba BCG. Mo ka ìgò tí a ṣí, márùn-ún ni. Márùn-ún lọ́nà ogún jẹ́ ọgọ́rùn-ún, bí ẹ̀kán kan kò tilẹ̀ ṣòfò. Mo gbé e lọ bá ọ̀gá mi. Ó ní wọ́n ti dárúkọ wọ́ọ̀dù wa nínú ìpàdé oṣù tó kọjá pé àwa ni a wà nísàlẹ̀, pé kí n kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rù ni mo fi kọ ọ́, mo mọ ìṣirò.

Kì í ṣe ibi tí mo wà nìkan ni wọ́n ti kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí wọ́n lọ láti ilé dé ilé ní 2016 sí 2017, tí wọ́n béèrè káàdì lọ́wọ́ àwọn ìyá jákèjádò orílẹ̀-èdè yìí, 33 nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ ni ó gba ẹ̀kẹta abẹ́rẹ́ márùn-ún-nínú-ọ̀kan, èyí tí ó ń dènà àrùn márùn-ún, tí ẹ̀kẹta rẹ̀ jẹ́ ti ọ̀sẹ̀ kẹrìnlá. Ìròyìn tí àwọn ilé ìwòsàn ń fi ránṣẹ́ ga ju ìyẹn lọ fíìfíì. Ní ọdún 2017 náà ni NPHCDA, àjọ tí ó ń mójú tó ìlera alábọ́dé, kéde pé ọ̀rọ̀ àjẹsára ti di pàjáwìrì. Nílẹ̀ òkèèrè náà bẹ́ẹ̀ ni: Gavi, àjọ tí ó ń ran àwọn orílẹ̀-èdè lọ́wọ́ lórí abẹ́rẹ́ àjẹsára, fìgbà kan ń san 20 dọ́là fún orílẹ̀-èdè lórí ọmọ kọ̀ọ̀kan tí ó bá kún iye tẹ́lẹ̀. Ìwádìí kan tí ó jáde ní 2008 fi ìròyìn wé ohun tí wọ́n bá nílé àwọn ènìyàn, ó sì rí i pé ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ni ó bu iyọ̀ sí i. Ohun tí ẹ bá ń sanwó lé tàbí tí ẹ bá ń dójú ti ènìyàn lé, yóò máa ga lórí ìwé.

* * *

Fún ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó sọ pé kọ̀ǹpútà ni yóò parí gbogbo rẹ̀: iye 131 ti oṣù yẹn wọ kọ̀ǹpútà. Orí DHIS2, ètò kọ̀ǹpútà tí gbogbo orílẹ̀-èdè yìí fi ń kó ìròyìn ìlera jọ, ni ó wà, ó tò rẹrẹ, kò sì bi mí pé ìgò mélòó ni a ṣí.

* * *

Bàbá ìbejì tí ó kọ̀wé ní òru, mo ka tiyín. Wọ́n fún Táyéwò ní ẹ̀kán rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, Kẹ́hìndé kò rí nǹkan kan tọ́ lá, nítorí pé “Ìbejì” ni wọ́n kọ sórí káàdì méjèèjì. Ẹ fọkàn balẹ̀ lórí Táyéwò, ẹ̀kán tí ó lé kì í ṣe é ní nǹkan. Kẹ́hìndé ni kí ẹ gbé lọ lọ́la. Òwú pupa tí ìyá wọn so mọ́ ọwọ́ ọ̀kan dára ju ohun tí mo rí ní ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn lọ, ṣùgbọ́n kí wọ́n kọ ọ́ sórí káàdì náà pé èwo ni ó so òwú.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀kán yìí tún rán mi létí ẹni tí ó ní ọmọ òun kò nílò káàdì, nítorí pé àwọn tí ó ń lọ láti ilé dé ilé ti fún un ní rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ nígbà mẹ́fà, wọ́n sì kun ìka rẹ̀. Ìka tí wọ́n kùn wà kí ẹni tí ó ń bọ̀ lẹ́yìn lè mọ ọmọ tí wọn kò tíì bá nílé. Ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ó ti ṣí. Kò rọ́pò ẹ̀kán ọ̀sẹ̀ kẹfà, ìkẹwàá àti ìkẹrìnlá, kò sì ní ikọ́ líle tàbí èèyi nínú. Ètò yẹn ṣe iṣẹ́ ńlá, nítorí ní 2020 ni wọ́n kéde pé rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ ìpilẹ̀ṣẹ̀ ti tán ní Áfíríkà. Ṣùgbọ́n ó kọ́ ọ̀pọ̀ ìyá pé ẹni tí ó bá fẹ́ fún ọmọ wọn ní àjẹsára ni yóò wá kan ilẹ̀kùn, kò sì fi ìwé kankan sílẹ̀ fún wọn.

* * *

Ẹni tí ó ní kí wọ́n lé gbogbo nọ́ọ̀sì tí ó bá ṣe àṣìṣe, tí ó sì bi mí pé kí ni èmi yóò kọ sínú òfin bí wọ́n bá fún mi ní ìwé: àwọn tí ó kù kò ní tó láti ṣí ìgò kan.

Èmi yóò kọ ọ́ pé kò sí ọmọ tí yóò dìde lórí ìjókòó abẹ́rẹ́ kí káàdì àti ìwé ńlá tó gba ìkọ̀wé, àti pé ẹni tí ó bá ń kọ̀wé kò gbọdọ̀ jẹ́ ẹni tí ó ń gún abẹ́rẹ́. Bí ìjọba ìbílẹ̀ kò bá lè fi ẹnìkẹta kún àwọn méjì, kí ó yé béèrè ìwé tí ó péye. Ní òpin oṣù, kí ẹni tí kò sí lábẹ́ ọ̀gá ilé ìwòsàn náà wá ka ìlà inú ìwé ńlá, kí ó fi wé ìròyìn. Bí ìròyìn bá sọ ọgọ́rin, tí ìwé sì fi ọgọ́ta hàn, ìwé yẹn gbè é ní ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin péré, kí wọ́n sì lẹ iye yẹn mọ́ ara ògiri níbi tí ìyá yóò ti rí i. Lẹ́yìn náà, kí ó ka òfìfo ìgò. Àṣìṣe, kí a fà á lélẹ̀ pẹ̀lú ìlà kan ṣoṣo tí a ṣì lè ka ohun tí ó wà lábẹ́ rẹ̀, kí ẹni tí ó tún un ṣe fọwọ́ sí i kí ó kọ ọjọ́. Ẹni tí ó bá fi tipẹ́ẹ̀sì funfun bò ó, kí ó ṣàlàyé.

Ìjìyà ńkọ́? N kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jìyà nítorí pé iye rẹ̀ kéré. Iye tí ó kéré tí ó sì jẹ́ òótọ́ ni ó ń sọ fún wa ibi tí èèyi yóò ti bẹ́ sílẹ̀. Ẹni tí ó bá dá iye sílẹ̀ láti inú afẹ́fẹ́ ni kí ó jìyà, kí òfin sì kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ó sọ pé “kọ ọ́ bẹ́ẹ̀” kí ó tó dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ó kọ ọ́. Mo mọ̀ pé ara mi ni mo ń gbè nínú gbólóhùn yẹn. Ẹ jẹ́ kí ó wà bẹ́ẹ̀.

* * *

Ìyá tí ó béèrè ọ̀rọ̀ ti padà dé. Ó lọ sí Ilé-Ifẹ̀ ní Mọ́ńdè, odidi wákàtí méjì ni wọ́n fi wá ọmọ náà. Orúkọ ìyá ọkọ rẹ̀ ni wọ́n bá a lábẹ́ rẹ̀, nítorí òun ni ó gbé e lọ gba BCG. Ti ọ̀sẹ̀ kẹrìnlá wà níbẹ̀, ní oṣù Júláì, bí ìyá ṣe sọ, wọ́n sì ti kọ ọ́ sórí káàdì pẹ̀lú ọjọ́ ìgbà náà. Ti èèyi ni wọn kò rí. Jánúárì ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìwé ńlá tuntun, wọn kò sì kó ìlà ọmọ náà wọ inú rẹ̀. Nọ́ọ̀sì kọ̀ láti tún ọdún orí káàdì ṣe, ó ní òun kọ́ ni òun kọ ọ́. Ìyá ọmọ ń bínú sí i.

Ẹ má bínú sí i, ohun tí ó tọ́ ni ó ṣe. Mo gbà pé ọmọ yín gba èèyi ní Jánúárì, ṣùgbọ́n èmi náà kò ní fọwọ́ sí ohun tí n kò rí. Ẹ kà á sí pé kò gbà á: kí ó gba ọ̀kan báyìí, kí ó tún gba òmíràn lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Bí ó bá wá di mẹ́ta, kò ní pa á lára, ẹ bá mi sọ èyí fún ọkọ yín. Ẹ béèrè ọjọ́ tí wọ́n ń ṣí ìgò èèyi ládùúgbò yín, kí ẹ tètè dé, ẹ sì mú báírò tiyín dání, nítorí tiwọn máa ń tán.